Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn àwọn ọmọ Akọka: ibi tó já sí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níbí pé ibo ni ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àbúrò mi jẹ́ olóòtú fún ti lè díje fún àmì ẹ̀yẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí rèé.

Àmì ẹ̀yẹ Pacemaker tí ọ̀pọ̀ yín dárúkọ, tó ti wà láti 1927, ẹgbẹ́ Associated Collegiate Press ní Amẹ́ríkà ló ń fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Odindi ìwé ìròyìn ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ìròyìn, àwòrán, bí wọ́n ṣe to ojú ewé. Àmì ẹ̀yẹ Hearst, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, iṣẹ́ ìròyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ló wà fún, ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà sì ni. Ìyẹn ti yọ tiwa sílẹ̀. Àmọ́ ó wù mí pé bí ọmọ bá gba ẹ̀bùn, wọ́n ń fún ẹ̀ka tó kọ́ ọ lówó pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìdíje nílé níbí wo èyí dáadáa.

Ìdíje kan nílé níbí la wá fi ìròyìn wọn lórí omi inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí. Wọ́n gba ipò kejì! Mo wà ní Ṣómólú lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn náà. Àbúrò mi dúró ti ẹ̀rọ, yíǹkì kún ọwọ́ rẹ̀, ó tún ń yẹ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí ẹ̀bùn, kódà ju èdè dídùn lọ.

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ wa sọ́nà. Ìbéèrè mi ti parí.