Àbọ̀ lórí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ màmá mi: bẹ́ríǹgì ti dákẹ́

Ẹ kú ìdúró o. Ẹ rántí pé mo kọ ọ́ síbí pé bẹ́ríǹgì 6205 (òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà láàárín wọn) tó wà lára ẹ̀rọ tí màmá mi fi ń rin ẹ̀gẹ́ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Èmi gan-an ni mo ń bà á jẹ́. Tí mo bá ń ki tuntun wọlé, òrùka òde ni mo ń gbá ní òòlù, bẹ́ẹ̀ òrùka inú ló ń di ṣáfútì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí, mú. Gbogbo agbára òòlù yẹn, ara àwọn bọ́ọ̀lù ló ń gbà kọjá. Mo la ọ̀kan tó bàjẹ́: ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù ti tẹ̀ wọnú léraléra, bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bà. Ó dùn mí gan-an. Páìpù tó jókòó sórí òrùka inú nìkan ni mo fi ń tì í wọlé báyìí.

Omi ẹ̀gẹ́ náà ń wọ inú ẹ̀. Mo ti pààrọ̀ bẹ́ríǹgì onídèérí irin sí irú tí wọ́n ń pè ní 2RS, tó ní rọ́bà létí méjèèjì.

Oṣù mẹ́rin rèé. Mo máa ń gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn iṣẹ́, ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo ibi tí òòlù ń bà, ẹ ṣeun, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́.