Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ọ̀gá wa ní ká máa wọ jákẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ báyìí. Tanke ní Ìlọrin ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi wà ní Táíwò, kẹ̀kẹ́ ni mò ń wọ̀, kí n tó débẹ̀ òógùn á ti bò mí, bí mo bá sì wọlé, ẹ́síì á tún fẹ́ fi òtútù pa mí.

Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ̀ ọ́ tí gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ fi tú, àyà ẹ̀ wá wú kókó-kókó bí ògiri tí omi wọ̀. Ó dùn mí gan-an, owó àjọ ni mo fi rà á.

Télọ̀ kan ní Ọjà Ọba ní kí n ra aṣọ líníìnì, pé èjìká àti apá nìkan lòun máa fi láínìn, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń rán mọ́ inú, sí kí atẹ́gùn lè máa wọ ẹ̀yìn. Ó wọ̀ mí létí, àmọ́ líníìnì máa ń rún jù. Àǹtí mi ní Ọ̀fà ní kí n fẹ̀sọ̀ ṣa ọkirika, pé wúlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í tètè rún. Mo rí ọ̀kan lóòótọ́, búlúù tó dúdú dáadáa, mo yí inú ẹ̀ síta, ojú rírán ẹ̀ mọ́, àmọ́ èjìká ẹ̀ fi ìka méjì fẹ̀ jù mí lọ, wọ́n sì ní èjìká ló le jù láti tún ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, èwo ni kí n ṣe? Owó ọwọ́ mi ò ju 40,000 náírà lọ o.