Owó tó wọlé lónìí, ibo ló yẹ kó kọ́kọ́ yà sí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá èèyàn ṣètò owó nínú wa. "Ẹ máa ṣọ́ owó ná" ti pọ̀ nílẹ̀, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ sì sọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Ìtàn ìgbésí ayé wa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ìdáhùn 1

Ọjọ́ tí owó bá wọlé gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti ń yanjú tàbí kó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró di ìparí oṣù kí wọ́n tó fi èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́, kì í sì í ṣẹ́ kù. Ẹ ní kí báńkì yín máa yọ iye kan pàtó fúnra rẹ̀ lọ sí àkáǹtì ìpamọ́, lọ́jọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé. Ẹ má fi í sí ọjọ́ tó ṣáájú owó oṣù o. Báńkì á bá àkáǹtì lófìfo, owó kò ní kọjá, àwọn báńkì mìíràn á sì tún gba owó ìtanràn lé e. Àkáǹtì ìpamọ́ yẹn kò gbọdọ̀ ní káàdì, kó má sì sí lórí fóònù tí ẹ ń gbé kiri.

Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ á padà lọ yọ ọ́ kí oṣù tó parí, á sì ti mọ́ ọn lára pé owó ìpamọ́ ṣeé yọ. Bí owó oṣù bá wá lé kún, ẹ fi ìdajì àlékún náà kún ohun tí ẹ ń pamọ́ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Richard Thaler àti Shlomo Benartzi, àwọn onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ìwádìí wọn sì jáde ní 2004. Inú àlékún owó oṣù ni wọ́n ti ń mú un, kí owó tí òṣìṣẹ́ ń mú relé má bàa dín kù. Ohun tí àwọn tó gbà á ń fi pamọ́ kúrò ní ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 13.6 láàárín 40 oṣù.

Ìdáhùn 2

Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á fi ìyà kó owó pàjáwìrì jọ, kí ọdún tó dé ìdajì, ó ti tán. Ẹ bi wọ́n pé kí ló jẹ ẹ́. Owó iléèwé. Ìbánigbófò ọkọ̀. Taya. Èwo ni pàjáwìrì níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé kò mọ̀ pé owó iléèwé ń bọ̀ ni?

Ẹ mú ìwé kan, ẹ tú àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 12 tó kọjá wò, kí ẹ sì kọ gbogbo ìnáwó tí kì í wá lóṣooṣù sílẹ̀. Ká ní ìbánigbófò jẹ́ 600, iléèwé 900, àtúnṣe ilé 180. Taya mẹ́rin jẹ́ 480, ẹ sì ń lò wọ́n fún ọdún mẹ́rin, nítorí náà 120 ni ti ọdún kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,800. Ẹ pín in sí 12, ó di 150 lóṣù, sínú àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ku oṣù mẹ́ta kí ẹ san 900 iléèwé, tí ẹ sì ń fi 75 pamọ́ lóṣù nítorí pé ẹ pín in sí 12, 225 péré lẹ máa ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Iye oṣù tó kù ni kí ẹ pín in sí lọ́dún yẹn, ìyẹn 300 lóṣù. Ó le, mo mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó di 75. Ọ̀pọ̀ tó sọ pé ètò yìí kò ṣiṣẹ́ fáwọn, ibi ìṣirò yìí ló ti já wọn kulẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò, pàjáwìrì tó kù kò ju kí iṣẹ́ bọ́, kí àìsàn dé, kí nǹkan tó ń mówó wọlé bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kó owó ìnáwó kòṣeémánìí oṣù kan jọ, lẹ́yìn náà ti oṣù mẹ́ta.

Ìdáhùn 3

Kí n mú ọ̀rọ̀ gbèsè wọ̀ ọ́. Gbèsè 2,000 lórí káàdì, èlé 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn 2 lóṣù. Ẹni tó ń san 50, èlé ti gbé 40 mì nínú rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, 10 péré ló kúrò lára ojú owó, ìyẹn iye tó yá gan-an. Oṣù 82 ni yóò fi san án tán, á sì ti san ju 4,000 lọ. Bó bá ń san 100, oṣù 26 ni, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì pé 2,600.

Bí gbèsè bá pọ̀, ẹ máa san iye tó kéré jù lórí gbogbo wọn, kí ẹ wá da gbogbo àjẹkù lé èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Àwọn kan ní kí ẹ kọ́kọ́ pa èyí tó kéré jù kí ọkàn lè balẹ̀. Mi ò bá wọn jà bí èlé gbogbo wọn bá súnmọ́ra. Àmọ́ bí ọ̀kan bá jẹ́ 30 tí èkejì jẹ́ 10, owó gidi lẹ fi ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún èlé tí wọ́n ṣírò lórí gbogbo ojú owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ yá 1,200 ní "10 nínú ọgọ́rùn-ún", ẹ ń san 110 lóṣù fún oṣù 12. Èlé 120 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 1,200 yẹn kò sí lọ́wọ́ yín jálẹ̀ ọdún, láti oṣù kìíní lẹ ti ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó súnmọ́ 18. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi wọ́n pé: "Bí mo bá fẹ́ san gbogbo rẹ̀ tán ní oṣù kẹfà, èló ni?" Bí èlé oṣù mẹ́fà tó kù bá ṣì wà nínú iye tí wọ́n dá, ẹ ti mọ irú owó tí ẹ fẹ́ yá.

Ìdáhùn 4

Àtúnṣe kékeré sí ti ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí: ẹ má da gbogbo àjẹkù sórí gbèsè kí owó ìnáwó kòṣeémánìí oṣù kan tó wà nílẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá bàjẹ́ lọ́la, káàdì yẹn náà lẹ máa padà sí.

Ní ti ìdókòwò, owó tí àwọn tó ń bá yín bójú tó o ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí 10,000 bá ń jèrè 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń yọ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ́dọọdún, ó di nǹkan bíi 71,000. Bí wọ́n bá ń yọ 1.5, kò pé 50,000. Ó tán.

Ìdáhùn 5

Gbogbo yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nítorí kówó pọ̀ nìkan la ṣe ń ṣe é. Ìgbádùn náà ńkọ́? Ètò tí kò ní owó fàájì nínú kì í pẹ́ já. Ẹ fún un ní iye tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bèèrè bí ẹ ṣe ná an. Àwọn tọkọtaya pàápàá: kí oníkálukú ní tirẹ̀, ìjà á dín kù.

Àwọn olùṣèwádìí Elizabeth Dunn, Lara Aknin àti Michael Norton fún àwọn èèyàn lówó láàárọ̀, dọ́là 5 tàbí 20, wọ́n ní káwọn kan ná an lórí ara wọn, káwọn yòókù ná an lórí ẹlòmíì kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ná an lórí ẹlòmíì ni inú wọn dùn jù, ì báà jẹ́ 5, ì báà jẹ́ 20. Ọdún 2008 ni ìwádìí náà jáde. Torí náà ẹ fi ìtọrẹ sínú ètò, kó ní iye. Bí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí bá ní kí ẹ yá òun lówó, ẹ má yá a ju iye tí ẹ lè fi ta á lọ́rẹ láìbínú lọ.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé ńkọ́? Oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò?

Ìdáhùn 2

Ẹ wo oṣù 12 tó kọjá, ẹ mú oṣù mẹ́ta tí owó ti kéré jù, ẹ ro owó wọn pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Ìyẹn ni owó oṣù yín. Gbogbo owó tó bá wọlé, inú àkáǹtì iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ẹ yọ owó orí ìjọba kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí kì í ṣe owó yín. Lẹ́yìn náà, ẹ máa san owó oṣù yẹn fún ara yín lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, ì báà jẹ́ pé ọjà tà, ì báà má tà. Oṣù tí ọjà bá tà gan-an ni ìdánwò ńlá, ẹ má fi kún un. Ìgbà tí owó oṣù mẹ́fà bá ti wà nínú àkáǹtì iṣẹ́ lẹ tó lè ronú àlékún, kó má sì ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tún pe àwọn tí ẹ ń san owó fún lóṣooṣù, ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó sí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ń sanwó fún ara yín. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa gbà.