Alájọgbé mi ló ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́pàá, wọ́n sì tú yàrá mi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Texas ni mo wà. Àwa mẹ́ta la pawó gba ilé. Oníkálukú ní yàrá tirẹ̀, a jọ ń lo pálọ̀ àti ilé ìdáná. Lọ́jọ́rú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru nígbà tí ọlọ́pàá kanlẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́kùnrin ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ṣé àwọn lè wọlé wò, alájọgbé mi yìí ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọn ò mú ìwé kóòtù dání. Wọ́n wo yàrá tirẹ̀ tán, wọ́n bá bọ́ sí tèmi, wọ́n tú gbogbo dúrọ́ọ̀ mi. Wọn ò mú nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé ẹlòmíràn lè gbà fún wọn lórúkọ mi? Ká ní mo wà nílé tí mo sì kọ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Irú ọ̀rẹ́kùnrin wo lèyí tí ọlọ́pàá ń wá kiri lóru?

Bàbá Táyé: Àbúrò, ibi tí ẹ jọ ń lò, òun nìkan tó láti gbà fún wọn nígbà tí o ò sí nílé. Láti 1974 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Matlock. Ẹni tó bá ń báni gbélé, a ti mọ̀ pé ó lè mú àlejò wọlé. Yàrá tí ìwọ nìkan ń lò yàtọ̀. Onílé pàápàá ò lè gbà fún wọn lórí ibi tó ti fi háyà fún ọ. Ẹjọ́ Chapman, 1961. Ṣé o máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Tó bá wà nílé tó sì kọ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ tú u láìní ìwé kóòtù, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí nǹkan pàjáwìrì. Ẹjọ́ Randolph ní Georgia, 2006: ìyàwó ní kí wọ́n wọlé, ọkọ ní rárá. Kóòtù ní ẹ̀rí kokéènì tí wọ́n rí níbẹ̀ kò ṣe é lò lòdì sí ọkọ.

Bàbá Táyé: Ẹ fi ti Fernandez kún un o, 2014. Ọkùnrin kọ̀ ní Los Angeles, wọ́n mú un lọ. Bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà wọ́n padà bá obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, ìyẹn gbà, kóòtù sì ní ó tọ́. Wọ́n gbé ọkùnrin lọ, "rárá" rẹ̀ náà bá a lọ.

Akin: Ẹni tí ò fi nǹkan pamọ́, kí ló ń bẹ̀rù?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Bọ̀dá Akin, kíkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́pàá ò sì ní sọ fún yín pé ẹ lè kọ̀. Òfin ò kàn án nípá fún wọn.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ilẹ̀kùn ò sí ní títì. Fírísà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní yàrá mi, ilé ìdáná ti há jù. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń wọlé wá mú ẹran.

Bàbá Táyé: Háà! Fírísà yẹn gan-an ni wọ́n máa gùn lé, wọ́n á ní gbogbo yín lẹ jọ ń lo yàrá náà. Ẹjọ́ Rodriguez, 1990: bí ọlọ́pàá bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé ẹni yẹn láṣẹ níbẹ̀, kóòtù lè gbà á fún wọn, bí ẹni náà kò tilẹ̀ láṣẹ. Dúrọ́ọ̀ rẹ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kì í ṣe inú rẹ̀ ni alájọgbé rẹ ń kó ẹran sí. Wọn ò fẹ̀sùn kàn ọ́, nítorí náà kò sí ẹ̀rí tí kóòtù máa dà nù; ìfisùn tàbí ìpẹ̀jọ́ ló kù. Kọ gbogbo ohun tí alájọgbé rẹ rántí sílẹ̀, kí o sì rí lọ́yà níbẹ̀.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé, sà. A ti ń wọ́ fírísà bọ̀ ní pálọ̀ báyìí. Ẹnu ọ̀nà ló há sí.