Báwo ni mo ṣe lè bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí kọ́ńdọ̀mù?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Káfíńtà ni mí ní Kábà, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ti lé ní ogún ọdún, tí wọn kò tíì gbéyàwó. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fún obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lóyún, obìnrin náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀; láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Nígbà tí mo fara balẹ̀ bi wọ́n, mo rí i pé kì í ṣe owó ló ń dí wọn lọ́wọ́ láti lo kọ́ńdọ̀mù. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò mọ ìyá wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ, nítorí náà ojú ń tì wọ́n láti rà á. Èyí tó kéré jù gbà pé ẹrù obìnrin ni ọ̀rọ̀ oyún, àti pé kí ọkùnrin yọ ara rẹ̀ kúrò kí àtọ̀ tó dà ti tó. Mo ṣàlàyé fún un pé láàárín ọdún kan, nǹkan bí 20 nínú 100 obìnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà yẹn ló ń lóyún, pé nǹkan bí 13 ni ti kọ́ńdọ̀mù, tó tún ń dènà kòkòrò HIV.

Ìyàwó mi ní kí n máa fi díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn àti ìṣó kò ti ní bà á jẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un láìbéèrè. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn òbí wọn ni, àbí kí n dákẹ́?