Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí àbúrò mi mú ìwé dókítà wá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Inú ń bí mi o. Olùkọ́ ni àbúrò mi ọkùnrin. Ọ̀gá wọn ní kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì mọ́ àfi tó bá mú ìwé dókítà wá pé ara rẹ̀ yá tó láti ṣiṣẹ́. Níwájú àwọn ọmọ ló ti sọ ọ́! Àbúrò mi ń mu ọtí lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń pẹ́ dé lójoojúmọ́, ta ló bi wọ́n? Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ló fi da gbogbo ọtí ilé nù. Báwo la ṣe máa tètè rí ìwé náà gbà?

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ń rùn fún ọtí níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀gá ò jẹ̀bi.

Olùbéèrè: Mi ò ní kí ẹ dá ẹjọ́.

Bàbá Àgbà: Dída tó dà á nù yẹn dáa. Ẹ máa fún un ní omi glucose, kó sùn.

Nọ́ọ̀sì: Bàbá, ẹ má bínú, ó léwu. Ẹni tó ti ń mu lójoojúmọ́ tipẹ́ kì í jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì láìsí dókítà. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Gìrì lè mú un kí wákàtí 48 tó pé. Láti ibẹ̀ dé wákàtí 96 ni orí lè dàrú, èyí sì ń pa èèyàn. Ní ti glucose, ọtí ti máa ń tán vitamin B1 lára, òun sì ni ara fi ń lo ṣúgà. B1 ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún wọn, kí ọpọlọ má bàa bàjẹ́. Ìgbà wo ló mu gbẹ̀yìn? Báwo ló ṣe ń mu tó?

Akọ̀wé: Ìwé náà kì í ṣe ti kíá. Dókítà á bi í ní ìbéèrè 10 ti AUDIT, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí ọtí mímu èèyàn ṣe léwu tó. Máàkì 8 sókè ti tó kọminú. Á yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ẹ má parọ́ pé ibà ni. Ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ò nílò orúkọ àìsàn, iṣẹ́ tó lè ṣe àti ọjọ́ tó máa padà ti tó. Kó tètè tọrọ ìsinmi àìsàn kí wọ́n tó lé e.

Ìyá Ìbejì: Kó kọ́kọ́ ronú pìwà dà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, Akọ̀wé. Nọ́ọ̀sì, ìgò ọtí líle kan ni lójúmọ́, ó ti tó ọdún mélòó kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló dà á nù, a ti wà ní alẹ́ Ìṣẹ́gun báyìí. Kò sùn lánàá, ó ń gbá èèrà tí a ò rí lára ògiri. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì: Kì í ṣe àárẹ̀, orí tó ń dàrú tí mo sọ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn ńlá báyìí! Ẹ sọ iye tó ń mu àti ìgbà tó mu gbẹ̀yìn fún wọn, kí wọ́n lè wọn oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ má fún un ní oògùn oorun nílé. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Bàbá Àgbà: Ṣé kó tọ́ ọtí díẹ̀ wò lójú ọ̀nà ni?

Nọ́ọ̀sì: Rárá o. Orí rẹ̀ ti dàrú, ọtí náà lè ṣì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Olùbéèrè: Ọkọ̀ ti dé. Ó lóun ò lọ.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má bá a jiyàn lórí èèrà. Ẹ tan iná, ẹ pè é lórúkọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání.