IL-6 ga nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù: kí ló sọ nípa ọpọlọ rẹ̀?

Ìwé_Àyẹ̀wò béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ibí yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún 5 kan tó ní ọ́tísíìmù ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. IL-6 rẹ̀, ọ̀kan lára cytokine, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì àjẹsára ń tú jáde, jẹ́ 11 pg/mL. Lábù kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò yẹ kó ju 7 lọ. CRP, protein inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga tí inflammation (bí àjẹsára ṣe ń ru ara sókè) bá wà, jẹ́ 2 mg/L. Ẹni tó túmọ̀ ìwé náà fún àwọn òbí ní inflammation ti gba ọpọlọ ọmọ náà, pé microglia rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì àjẹsára inú ọpọlọ, ti ń jẹ ọpọlọ jẹ, ó sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ prednisolone (steroid) àti minocycline (oògùn apakòkòrò).

Ṣé lóòótọ́ ni sẹ́ẹ̀lì àjẹsára ń ṣe ohun tó yàtọ̀ nínú ọpọlọ àwọn tó ní ọ́tísíìmù? Ṣé IL-6 inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ ọ́ fún wa? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí oògùn tó ń pa inflammation kò fi ní ran ọmọ lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé wọ́n ṣì ń ṣèwádìí. Ohun tí wọ́n ti rí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀kọ́_Ọpọlọ dáhùn:

Ẹ jẹ́ ká ya ohun tí wọ́n fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára àlàyé tí àwọn èèyàn ń gbé kà á.

Microglia kì í ṣe àlejò nínú ọpọlọ. Inú yolk sac ọlẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ti wọ ọpọlọ kí mùdùnmúdùn eegun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ 100, bíi 5 sí 10 ni tiwọn. Wọ́n ń gbógun ti àrùn, àmọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn ni pé kí wọ́n máa na ẹ̀ka wọn kiri, kí wọ́n máa fọwọ́ kan synapse, ìyẹn ibi tí neuron kan ti ń ránṣẹ́ sí èkejì. Synapse tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lè gba àmì C1q àti C3, àwọn protein àjẹsára. Microglia ní CR3 lára, òun ló fi ń dá àmì náà mọ̀, á sì gbé synapse ọ̀hún mì. Bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dín ohun tó pọ̀ jù kù nìyẹn, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó jáde lọ́dún 2014. Wọ́n ka dendritic spine, àwọn ẹ̀gún wínníwínní tí synapse ń jókòó lé, nínú temporal lobe àwọn tó ti kú. Láti ìgbà ọmọdé sí ìgbà ọ̀dọ́, iye rẹ̀ ti wá sílẹ̀ tó bí ìdajì lára àwọn tí kò ní ọ́tísíìmù. Lára àwọn tó ní in, 16% péré ló dín. Ìyẹn ni pé synapse ṣẹ́ kù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ní microglia ń jẹ ọpọlọ jẹ ti sọ òdìkejì ohun tí ìwádìí náà fi hàn. (Inú neuron fúnra rẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ tọpa rẹ̀ dé, sọ́dọ̀ mTOR, protein tó ń darí ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì, àti autophagy, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kó pàǹtírí inú ara rẹ̀ kúrò.)

Ní ti inflammation, Johns Hopkins ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rí tó lágbára jáde lọ́dún 2005. Wọ́n yẹ ọpọlọ èèyàn 11 wò, láti ọmọ ọdún 5 dé ẹni ọdún 44. Microglia wọn àti astroglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ti neuron lẹ́yìn, ní ìrísí sẹ́ẹ̀lì tó ti ta kìjí, pàápàá nínú cerebellum, apá ẹ̀yìn ọpọlọ nísàlẹ̀. MCP-1, ìránṣẹ́ tó máa ń pe sẹ́ẹ̀lì àjẹsára jọ, tún ga nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn 6 mìíràn tó wà láàyè. Lọ́dún 2019, àwọn mìíràn rí T lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, tó ṣùrù bo òpójẹ̀ nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọpọlọ 25. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ohun kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe lára gbogbo wọn ṣá o.

Àmọ́ ṣé òun ló fa ọ́tísíìmù? Ìwádìí jíìnì kan tó jáde lọ́dún 2011 rí ìsọ̀rí méjì nínú cortex, èèpo òde ọpọlọ: jíìnì iṣẹ́ synapse tó lọ sílẹ̀, àti jíìnì àjẹsára pẹ̀lú glia (bíi microglia àti astroglia) tó gòkè. Ìsọ̀rí synapse ni àwọn ìyàtọ̀ jíìnì tí wọ́n bí mọ́ni, tó ń mú kí ọ́tísíìmù ṣeé ṣe, pọ̀ sí jù. Ti àjẹsára kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bọ́gbọ́n mu jù lójú tèmi ni pé èyí tó pọ̀ nínú ohun tí microglia ń ṣe jẹ́ èsì sí ohun tó ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwòrán inú ìwé ìwádìí. Iba1, àmì tí wọ́n fi ń kun sẹ́ẹ̀lì, máa ń kun gbogbo microglia, èyí tó ń sinmi àti èyí tó ta kìjí. Dúdú tó pọ̀ kọ́ ni inflammation. Ìrísí ni kí ẹ wò: ẹ̀ka tó gùn tó sì tín-ín-rín ń tọ́ka sí ìsinmi, tí ẹ̀ka bá kúrú, tí ara sẹ́ẹ̀lì nípọn, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n tún kun CD68, àmì sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan mì. Kí ẹ sì béèrè ohun tó pa ẹni náà. Wárápá wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ọ́tísíìmù, gìrì fúnra rẹ̀ a sì máa ta microglia jí.

Ọ̀gá_Centrifuge dáhùn:

Ẹ̀jẹ̀ ni èmi máa dúró lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 11 yẹn ti wó.

Òótọ́ ni pé tí wọ́n bá kó ìwádìí púpọ̀ jọ, ìpíndọ́gba IL-6, IL-1β, IL-8 àti MCP-1 máa ń ga díẹ̀ lára àwọn tó ní ọ́tísíìmù, TGF-β1, cytokine tó máa ń pa inflammation rọ, a sì máa kéré. Ìpíndọ́gba ni mo wí o. Iye ti àwọn tó ní in àti ti àwọn tí kò ní in wọnú ara wọn débi pé ẹ kò lè fi nọ́ńbà ọmọ kan sọ apá ibi tó wà.

Àti pé kí ló lè gbé IL-6 láti 7 dé 11? Ọ̀fìnkìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Eyín tó ń jẹrà. Sísanra: sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá fúnra wọn máa ń tu IL-6 jáde, risperidone, oògùn ìbínú òdì, tí wọ́n sì ń fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń mú wọn sanra. Oorun tó dàrú. Wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà pàápàá, torí IL-6 ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Kí a tó wá dé orí túùbù.

Túùbù EDTA, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n yí i ní centrifuge láàárín wákàtí 1, ó pẹ́ tán 2, ní 1,000 sí 1,500 g fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín plasma, omi tó wà lókè, sí túùbù kéékèèké, kí wọ́n gbé e sí -80°C, kí túùbù kọ̀ọ̀kan má sì yọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jókòó sórí tábìlì ní ọ̀sán gangan, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ò kú. Wọ́n á máa tu cytokine sínú túùbù, IL-8 ló sì máa ń yára fò sókè jù. Endotoxin, oró ara bakitéríà, tó bá wà nínú túùbù heparin tún lè ru wọ́n sókè. Ní ti TGF-β1, ẹ má ṣe gba èsì serum (omi ẹ̀jẹ̀ tó ti dì) gbọ́ rárá: platelet, èérún sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ló máa ń tu ú jáde nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì, ẹ ó kàn máa wọn ẹ̀jẹ̀ dídì ni.

CRP 2 fúnra rẹ̀ ń sọ pé kò sí iná ńlá kankan nínú ara. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá 11 yẹn dúró, kí ara ọmọ ti yá fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán, kí wọ́n tún un ṣe láàárọ̀, ní lábù kan náà, pẹ̀lú kíìtì kan náà. Iye láti kíìtì méjì tó yàtọ̀ kò ṣeé fi wéra. Bó bá tilẹ̀ dúró sí 11, kò sọ ohunkóhun nípa ọpọlọ.

Ìwé_Àyẹ̀wò:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣé kò wá sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wo microglia ẹni tó wà láàyè? Àti pé ibo ni ọ̀rọ̀ àìsàn ìyá nígbà oyún wọlé sí?

Ẹ̀kọ́_Ọpọlọ:

PET wà, àwòrán tí wọ́n fi èròjà onítànṣán yà. TSPO ni wọ́n ń wá, protein kan lára mitochondria tí wọ́n gbà pé ó ń pọ̀ nínú microglia tó ta kìjí. Lọ́dún 2013, wọ́n fi PK11195, èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ TSPO, wo ọkùnrin 20 tó ní ọ́tísíìmù, wọ́n ní ó ga. Lọ́dún 2021, àwọn mìíràn fi PBR28, èròjà mìíràn bẹ́ẹ̀, wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ó sì lọ sílẹ̀. TSPO kò sí lára microglia nìkan: astrocyte (astroglia yẹn náà) ní in, awọ inú òpójẹ̀ náà ní in. PBR28 kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa lára àwọn tó ní irú jíìnì rs6971 kan, nítorí náà dandan ni kí wọ́n yẹ jíìnì wò kí wọ́n tó yàwòrán. Irinṣẹ́ ìwádìí ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún òbí gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò.

Ìyáàgbẹ̀bí dáhùn:

Ti oyún ni kí n mú. Nínú eku, wọ́n máa ń fún ìyá ní poly(I:C), èròjà tó ń díbọ́n bíi RNA fáírọ́ọ̀sì, ní ọjọ́ oyún 12.5, lọ́pọ̀ ìgbà 20 mg fún kìlógíráàmù kan. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀, ara ìyá ló ń fèsì. Lọ́dún 2007, wọ́n rí i pé IL-6 nìkan, ẹ̀ẹ̀kan péré, tó láti yí ìwà ọmọ eku padà. Lọ́dún 2016, wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ IL-17a, cytokine mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì Th17 ìyá (irú T lymphocyte kan) ń tú jáde: nígbà tí wọ́n dí IL-17a pẹ̀lú antibody, protein àjẹsára tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, ìwà ọmọ padà sí bó ṣe yẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àfi kí irú bakitéríà kan, segmented filamentous bacteria, wà nínú ìfun ìyá kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́: gígùn okùn RNA inú poly(I:C) yàtọ̀ láti páálí dé páálí, endotoxin a sì máa wà nínú òmíràn. Ìwádìí tí kò kọ nọ́ńbà páálí, tí kò wọn IL-6 ìyá ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ fura sí i. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kà á: ọmọ eku 10 láti inú ìyá kan, n = 1 (àpẹẹrẹ kan ṣoṣo) ni, kì í ṣe 10.

Nínú èèyàn, rubella, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ara sú, ni ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ jù. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ 1964 ní Amẹ́ríkà, Stella Chess yẹ ọmọ 243 tí rubella bá nínú oyún wò, ọ́tísíìmù sì pọ̀ láàárín wọn lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ní ti àìsàn lásán, ẹ fara balẹ̀. Ìwádìí Sweden kan lọ́dún 2022, tó ju ìdajì mílíọ̀nù ọmọ lọ, rí ìsopọ̀ díẹ̀, àmọ́ àìsàn ọdún tó ṣáájú oyún náà fi irú ìsopọ̀ kan náà hàn. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá wé ọmọ ìyá, ìsopọ̀ pẹ̀lú ọ́tísíìmù pòórá. Ohun tó wà nínú ẹbí ni, kì í ṣe ibà ìyá. Aláboyún tí ibà ṣe kò gbọ́dọ̀ máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Antibody ìyá tún wà lọ́tọ̀. IgG, irú antibody tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, máa ń gba inú ibi-ọmọ kọjá lára FcRn, protein tó ń gbé e. Ìwádìí 2013 kan láti UC Davis rí àwọn irú rẹ̀ kan tó ń dojú kọ protein ọpọlọ ọlẹ̀, bíi LDH, STIP1 àti CRMP1, lára nǹkan bí 23% ìyá tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù, tí kò sì ju 1% lọ lára àwọn ìyá yòókù.

Kí ẹnì kan tó béèrè: abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR (ti measles, mumps àti rubella) kò sí nínú èyí. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ti fagi lé ìwé 1998 tó so ó pọ̀ mọ́ ọ́tísíìmù lọ́dún 2010, àti ọmọ 657,461 tí wọ́n tọpa ní Denmark, tó jáde lọ́dún 2019, kò fi ewu kankan hàn.

Apòògùn_Àgbà dáhùn:

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ oògùn méjèèjì yẹn fún ọmọ náà. Minocycline: wọ́n dán an wò fún oṣù 6 lára ọmọ 11, kò sí àǹfààní gidi; ní ọmọ ọdún 5, ó máa ń ba àwọ̀ eyín tó ṣì ń ti inú èrìgì bọ̀ jẹ́ títí láé. Prednisolone: tí wọ́n bá lò ó pẹ́, ó ń dá gígùn ọmọ dúró, ó ń mú un sanra, ó sì ń mú adrenal, ẹṣẹ́ tó ń ṣe steroid ara fúnra rẹ̀, sùn. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn kò gbọ́dọ̀ já a lójijì o. Dókítà ni kó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ náà, tí wọ́n ń polongo káàkiri: ọmọ 180, ọdún 2 sí 7, ìwádìí 2020, kò yọrí sí àǹfààní níbi tí wọ́n fi ojú sùn jù.

Ìdí tí pípa inflammation kò fi tó ni pé púpọ̀ nínú wírìn ọpọlọ ti pa pọ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ àti ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Ọ̀nà náà kò sì lọ tààrà: lọ́dún 2007, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà àwọn kan nínú ọmọ 30 dára sí i nígbà tí ibà mú wọn.

Ibi tí steroid ti wúlò ni autoimmune encephalitis, níbi tí àjẹsára ti ń gbógun ti ọpọlọ fúnra rẹ̀, ìyẹn kò sì jọ èyí: ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tó ṣàdédé dákẹ́ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, gìrì tuntun, ọwọ́ tàbí ẹnu tó ń mì fúnra rẹ̀, oorun tó parẹ́. Ìyẹn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, fún EEG (àyẹ̀wò iná inú ọpọlọ), MRI (àwòrán ọpọlọ) àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, kí wọ́n yẹ eyín, etí, àìlèyàgbẹ́ àti oorun ọmọ náà wò. Ọmọ tí kò lè sọ pé ibì kan ń dun òun lè máa fi orí gbá ògiri, ẹ sì lè bá ohun tó ń ti IL-6 lọ sókè níbẹ̀.